ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́ ÀTI ỌRẸ ÀÁNÚ NÍ ÀKÓKÒ KÉRÉSÌMESÌ

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ ni pé kí a ka orúkọ àwọn tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé Ọlọ́run, àwọn tí ó fi igi àti òkúta ránṣẹ́, àti àwọn tí ó san owó ńlá nígbà tí agbára ìjọ kò tó. Ṣùgbọ́n bí a bá ka orúkọ àwọn wọ̀nyí tán, ẹgbẹ́ kan ṣì kù sẹ́yìn tí a kì í sábà rí orúkọ wọn lára ògiri. Àwọn ni òṣìṣẹ́ olówó oṣù kékeré, tí wọ́n ń yọ tọ́rọ́ tàbí sísì níbi iṣẹ́ wọn gan-an, tí wọ́n sì ń kó o jọ fún aláìní tí ó wà ní àdúgbò wọn, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìtàn yìí.

Ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń múra ọdún, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa dúró láàrin àpò lẹ́tà, a máa to ìkíni ọdún àwọn ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ títí di òru. Ayọ̀ gbogbo ìlú ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìbànújẹ́ ìlú náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ẹ ó rí i, ẹ̀yin olùkàwé ọ̀wọ́n, pé láti inú irú iṣẹ́ tí ó ń rẹ ènìyàn yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìtọrẹ tí ó gbòòrò jù lọ ní ayé ti jáde wá.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọjọ́ 26 oṣù December ni Ìjọ yà sọ́tọ̀ fún ìrántí Stéfánù Mímọ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ajẹ́rìíkú àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò rántí iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní òkúta. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 6, sọ fún wa pé ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, nítorí pé a ń gbàgbé àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì nínú ìpín ojoojúmọ́. Nígbà náà ni a yan ọkùnrin méje tí wọ́n ní ẹ̀rí rere láti máa bójú tó ìpín náà, Stéfánù ni a sì kọ́kọ́ dárúkọ nínú wọn. Alábòójútó oúnjẹ àwọn opó ni ẹni tí a fi ọjọ́ náà rántí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ yìí gba orúkọ mìíràn, èyí tí àwa náà jogún, tí a ń pè ní Boxing Day. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni ó túmọ̀ sí, bí àwọn ọmọdé kan ti ń rò. Àpótí owó Kérésìmesì ni a ń sọ. Ní ayé àtijọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ a máa ní kóló amọ̀ kan tí àwọn oníbàárà ọ̀gá wọn ń sọ owó sí. Bí ọdún bá dé, wọn a fọ́ kóló náà, wọn a sì pín ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Samuel Pepys, ẹni tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní oṣù December ọdún 1663 pé nígbà tí òun lọ san gbèsè òun lọ́dọ̀ oníbàtà, òun fi nǹkan sí àpótí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí Kérésìmesì tí ń bọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1871, òfin sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ ìsinmi náà ni ó sì jẹ́ ní ilẹ̀ wa títí di òní.

Ẹ kíyèsí ọ̀nà tí owó yìí ń gbà. Láti ọwọ́ ẹni tí ó ní ni ó ti ń lọ sí ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún un. Akíléètì tí ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé wà lára àwọn tí ń retí owó àpótí náà lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tí ó máa rò pé láàrin irú àwọn agbàtọrẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùfifúnni yóò ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní Denmark, ilẹ̀ kékeré kan ní àríwá Europe, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ní àkókò náà, ikọ́ ife ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ Òyìnbó bí ẹni ń ká èso. Ní ọjọ́ 24 oṣù March, ọdún 1882, oníṣègùn Jámánì kan, Robert Koch, ti fi hàn ní Berlin pé kòkòrò kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni mímọ ọ̀tá, ọ̀tọ̀ ni pípa á. Òògùn tí ó lágbára lórí kòkòrò yìí kò sí títí a fi rí streptomycin ní ọdún 1943. Ohun tí àwọn oníṣègùn ní láti fi tọ́jú aláìsàn ní ayé ìgbà náà ni ìsinmi, afẹ́fẹ́ tí ó mọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àti oúnjẹ tí ń fún ara lókun. Olówó lè lọ sí ibi tí ó ti lè rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ tálákà tí ń sùn pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, níbo ni yóò ti rí i?

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan wà ní Denmark nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Einar Holbøll. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1865 ni a bí i, bí ẹni pé a ti yan àkókò náà fún un láti inú oyún wá. Bí Kérésìmesì ọdún 1903 ti ń súnmọ́ tòsí, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàrin òkìtì lẹ́tà àti káàdì ìkíni, èrò kan sì wá sí i lọ́kàn. Ó rò ó pé bí a bá lè lẹ òǹtẹ̀ kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, tí owó òǹtẹ̀ náà kò sì pọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kédàárò, owó tí yóò jọ yóò tó láti fi tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn ń jẹ run.

Èrò dára, ṣùgbọ́n èrò kò kọ́lé rí. Holbøll kò gbé e lọ sọ́dọ̀ olówó kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, wọ́n sì gbà á wọlé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ láàrin ara wọn, wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, ó sì dé etígbọ̀ọ́ Ọba Christian IX. Inú ọba dùn sí i, ìfẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí a ya àwòrán aya rẹ̀, Ayaba Louise, ẹni tí ó ti sùn ní ọdún 1898, sára òǹtẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù December ọdún 1904 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tà á káàkiri àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ Denmark.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́. Òǹtẹ̀ Kérésìmesì kì í ṣe sítáǹbù, kò sì lè gbé lẹ́tà dé ibi kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ṣì ní láti ra sítáǹbù tirẹ̀. Bí ó bá ti san owó sítáǹbù tán, akọ̀wé a fi òǹtẹ̀ náà hàn án. Bí ó bá wù ú, yóò rà á. Bí kò bá wù ú, lẹ́tà rẹ̀ yóò lọ láìsí ìdíwọ́. Øre 2 péré ni owó rẹ̀. Ènìyàn ní láti ra 50 nínú rẹ̀ kí ó tó pé krone kan. Ìránṣẹ́bìnrin tí kò lè dá aṣọ kan fún ọmọ aláìsàn lè ra òǹtẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ́lé. Ní ọdún kìíní yìí, òǹtẹ̀ tí a tà lé ní mílíọ̀nù 4. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Owó náà kò sì parẹ́ mọ́ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Kolding, létí omi tí ó rẹwà, a fi í kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan fún àwọn ọmọ tí ikọ́ ife ń bá jà, a sì ṣí i ní ọdún 1911. Ní ọdún 1912, ilé mìíràn dìde ní Juelsminde, níbi tí àwọn ọmọ tí ara wọn kò le ti lè máa gbé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n jẹun dáadáa, kí wọ́n sì ṣeré nínú afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Ẹni tí ó bá ra òǹtẹ̀ ní abúlé rẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe, ó sì lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Holbøll fi ayé sílẹ̀ ní oṣù February ọdún 1927, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a lọ sí ibojì.

Kò pẹ́ tí Sweden, Iceland àti Norway fi tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Bí ó ti la òkun kọjá dé Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn. Ọmọ Denmark kan wà ní New York, Jacob Riis ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí a ti mọ̀ nítorí ohun tí ó kọ nípa ilé àwọn tálákà ní ìlú náà. Ikọ́ ife ti pa mẹ́fà nínú àwọn arákùnrin rẹ̀. Lẹ́tà tí ó gbà láti ilé ní òǹtẹ̀ Kérésìmesì lára, ó sì wádìí ohun tí ó jẹ́. Ní ọdún 1907 ó kọ ìwé sínú ìwé ìròyìn kan, ó béèrè ohun tí ó dí Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti ṣe bákan náà.

Ní ọdún yẹn gan-an, ilé ìtọ́jú kékeré kan wà létí odò Brandywine, lẹ́bàá ìlú Wilmington ní ìpínlẹ̀ Delaware, tí ó fẹ́ kógbá sílé. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta dọ́là, $300, ni ó kù kí wọ́n ní láti máa bá iṣẹ́ lọ. Joseph Wales, oníṣègùn ibẹ̀, tọ ìbátan rẹ̀ obìnrin lọ, Emily Bissell, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ Red Cross ní Delaware. Obìnrin yìí ti ka ohun tí Riis kọ. Ó ya àwòrán òǹtẹ̀ kan fúnra rẹ̀, ó yá $40 lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ 50,000 jáde. Ní ọjọ́ 7 oṣù December, ó gbé tábìlì sínú gbọ̀ngàn ilé ìfìwéránṣẹ́ Wilmington, ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní sẹ́ǹtì kan lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjà náà kò yá bí ó ti rò. Àkókò ọdún ń lọ, òǹtẹ̀ ṣì kún inú àpótí. Nígbà náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Philadelphia, ó wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ North American, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá níbẹ̀ kò kà á sí. Leigh Mitchell Hodges, òǹkọ̀wé kan nínú ilé kan náà, ni ó gbọ́ tirẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì gbé ọ̀rọ̀ náà sókè lójoojúmọ́ títí ọdún fi dé. Wọ́n máa ń sọ ìtàn ọmọdékùnrin olùtà ìwé ìròyìn kan, aláṣọ àkísà, tí ó na ọwọ́ sókè dé orí tábìlì, tí ó fi sẹ́ǹtì kan sílẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan nítorí pé àrùn náà ń ṣe arábìnrin òun. Nígbà tí a ka owó tán, $3,000 ni, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí a ń wá. Ní ọdún 1908, tí gbogbo Amẹ́ríkà ti dá sí i, ó di nǹkan bí $135,000. Ní ọdún 1980, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán Emily Bissell sára sítáǹbù, kí obìnrin tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan lè máa bá lẹ́tà rìn.

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí wà ní Amẹ́ríkà kan náà, ó sì ní ẹ̀kọ́ tí ó korò nínú. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ a máa kọ lẹ́tà sí Bàbá Kérésìmesì, wọn a sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà láìsí àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè mú un dé. Fún ìgbà pípẹ́, ibi tí a ń kó àwọn lẹ́tà tí kò ní olúwa sí ni wọ́n ń parí sí. Ọmọ mìíràn bèèrè bèbí, òmíràn bèèrè bàtà nítorí òtútù; òmíràn bèèrè èédú fún ìyá rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ń rí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ní ọdún 1912, Frank Hitchcock, ẹni tí ó jẹ́ olórí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, fi àṣẹ sí i pé kí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn aráàlú máa ṣí lẹ́tà náà, kí wọ́n sì máa dáhùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a yọ owó nínú àpò ara wọn, wọn a ra ohun tí ọmọ náà bèèrè, wọn a sì fi í ránṣẹ́.

Ní ọdún 1913, oníṣòwò kan ní New York dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ní òun yóò máa dáhùn gbogbo lẹ́tà Bàbá Kérésìmesì ìlú náà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kó lẹ́tà fún un. Orúkọ ẹgbẹ́ náà kàn káàkiri, àwọn ènìyàn ńlá ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ polongo ilé gogoro kan tí a kò kọ́ rí. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó rí ìwé ìṣirò tí ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí aláṣẹ ìlú lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní wádìí rẹ̀ wò, tí ìdáhùn kò sì tẹ́ni lọ́rùn, ilé ìfìwéránṣẹ́ dáwọ́ lẹ́tà kíkó fún ẹgbẹ́ náà dúró ní ọdún 1928. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni owó aláàánú ti ń wọlé kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ibi tí ó ń lọ. A kò gbọ́dọ̀ bínú sí àwọn olùfifúnni, nítorí inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n inú rere tí kò béèrè ìṣirò ni ilẹ̀kùn tí olè máa ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ náà kò sì kú. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1940 sí 1949, lẹ́tà pọ̀ ju agbára àwọn òṣìṣẹ́ lọ, a sì pe àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wọlé láti bá wọn gbé e. Ní ọdún 2006 a gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba lẹ́tà ọmọ kan gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn rẹ̀ a tún bẹ̀rẹ̀ sí pa orúkọ bàbá ọmọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́, tí ó fi jẹ́ pé olùfifúnni kò ní mọ ilé tí ẹ̀bùn rẹ̀ wọ̀. Akíléètì nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Báyìí ni a ṣe dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ẹni ibi, tí a sì dáàbò bo àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú.

Kí ni àwa yóò rí mú nínú ìtàn yìí? Ìbéèrè kan wà tí ó ń dààmú gbogbo ibi iṣẹ́ tí a ti ń dáwó ní àkókò ọdún, ì báà ṣe ọ́fíìsì ìjọba, ilé ẹ̀kọ́, tàbí ọjà. Bí ọ̀gá bá gbé ìwé orúkọ kalẹ̀, tí ó kọ ohun tí yóò san sókè, tí ó sì ní kí ìwé náà yí ká, ǹjẹ́ ọrẹ ni ohun tí ọmọọṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kọ sísàlẹ̀, àbí owó orí? Ó lè jẹ́ pé owó oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi bo ojú. Àwọn akọ̀wé Denmark rí ọ̀nà gbà yẹ ìdẹkùn yìí. Láàrin ara wọn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kéré tí kò fi lè dójú ti ẹnikẹ́ni, kò sì sí ìwé tí a kọ orúkọ ẹni tí kò rà á sí. Opó tí ó fi owó idẹ kékeré méjì sínú àpótí ní Tẹ́ḿpìlì, Olúwa rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kà pé ẹnìkan dúró tì í láti fi ipá gbà á.

Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí òògùn dé, tí ikọ́ ife sì rọlẹ̀ ní Denmark, ènìyàn ìbá rò pé òǹtẹ̀ Kérésìmesì yóò parí. Kò parí. Wọ́n wo àyíká wọn, wọ́n béèrè irú ọmọ tí ń sunkún nísinsìnyí, wọ́n sì yí àwọn ilé náà padà fún ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín, ọmọ tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ, àti ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́. A ṣì ń ta òǹtẹ̀ náà lọ́dọọdún. Ní tiwa níhìn-ín, ikọ́ ife kò tíì kúrò láàrin wa. Nigeria ṣì wà lára àwọn ilẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ wúwo lé lórí jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ní òògùn tí ó ń wò ó sàn. Ẹni tí ó bá wà ní àdúgbò rẹ̀ tí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn jẹ́ ìṣòro fún, irú ọmọ Kolding bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ọjọ́ Stéfánù Mímọ́ bá tún yí padà, tí a wà nílé tí a ń jẹ ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ ọdún, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn opó Jerúsálẹ́mù tí a gbàgbé nínú ìpín, kí a sì rántí akọ̀wé tí ó gbé orí sókè láàrin òkìtì lẹ́tà. Kò ní ju àwa náà lọ: tábìlì kan, owó oṣù kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ díẹ̀. Ìjọ tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ti gba púpọ̀ lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n tán láàrin wa, kí ó sì fi ọwọ́ tí ó mọ́ fún gbogbo àwọn tí a bá fi àpótí àwọn aláìní sí ìtọ́jú wọn. Àmín.